Ìṣísẹ̀ Méjìlélógójì sí Kànga

Mo ti ṣe àmín kí n tó rántí kànga. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ẹ̀bi tèmi lé ẹlòmíràn lórí.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun alásárì, níwájú ilé Alángúà, olórí àdúgbò wa ní Ìlọrin. Wọ́n pe gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin, nítorí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fẹ́ gbé sínú páàkì. Páàkì náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ààtàn ni ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì mẹ́rin síbẹ̀, tí wọ́n sì gbin koríko tó hù níbì kan tó kọ̀ níbì kan. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ló wà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ojú fèrèsé tó kọjú sí páàkì ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Mi ò ṣèèṣì gbé e síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ṣeré.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Malete ni wọ́n fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ ènìyàn. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó wọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ó ń béèrè pé, "Kí lẹ máa fẹ́ rí tí ẹ bá jókòó síbẹ̀?" Ẹnì kan fẹ́ ẹṣin, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ní kí a má ṣe ère ohun ẹlẹ́mìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ọ̀mù-Àrán, fẹ́ ìwé ńlá kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

"Ta ló máa kà á?" ni ìyá ọkọ mi bi í.

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín, Ìyá."

"Èyí tí wọ́n ní nílé, wọn ò kà á."

Ìyá ọkọ mi yìí náà ló mú ọ̀rọ̀ ìkòkò wá. Ó ní wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí ìyá òun, ìkòkò ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Gbogbo wa gbà. Ìkòkò sìmẹ́ńtì méje ló máa jẹ́, ọ̀kan lórí ìkejì, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀, èyí tó kéré jù lókè. Ọmọkùnrin náà sọ fún mi pé ọkùnrin mẹ́rin ló máa gbé ti ìsàlẹ̀ nìkan. Ní Sátidé, tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ẹ bá ṣì tutù, àwọn ọmọ àdúgbò máa yí i ká, wọ́n á tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn sí i lára. Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti gbọ́ ìyẹn, kò sí ohun tí kò fi ọwọ́ tẹ̀ tán: iyẹ̀fun, ẹrẹ̀, aṣọ funfun oníbàárà mi kan pẹ̀lú ẹfun aláwọ̀ aró tí mo fi ń sàmì sáṣọ.

Ibi tí wọ́n máa gbé e sí nìkan ló kù. Apá ìlà oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ títì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́sálásí wa máa ń kún, àwọn tí kò ráyè á tẹ́ ẹní sínú páàkì, wọ́n á kọjú sí gábàsì. Lèmọ́mù fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa forí balẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Akọ̀wé, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló tètè dá a lóhùn pé òótọ́ ni, kí wọ́n gbé e lọ sí igun ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kejì, níbi tí yóò ti wà lẹ́yìn olùkírun. Alángúà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Àwa obìnrin wà lórí ẹní lẹ́yìn. Ojú mi wà lára ọmọ mi tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí wọ́n gbé sílẹ̀, mò ń ṣẹ́jú sí i pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Alángúà ní, "Fátíhà." Mo la ọwọ́ mi bí gbogbo ènìyàn ṣe là á. Wọ́n kà á tán, mo ní àmín, mo fi ọwọ́ pa ojú. Ọwọ́ ò tíì kúrò lójú mi tí mo fi rí i: igun ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kejì. Kànga.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè sọ pé kí ló dé tí n kò dìde nígbà náà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a bá ti ṣe Fátíhà lé lórí ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún hú u jáde, bí ẹni tó ń bá àdúà jà ni. Ìpàdé ti ń tú ká nígbà tí mo fi gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Mo mọ kànga náà nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti pọnmi fún ọdún méjì gbáko nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó. Ẹnu rẹ̀ kò ní bíríkì, kìkì igi tí wọ́n tẹ́ sí i létí. Ewúrẹ́ kan já sínú rẹ̀ ní òpin ọdún kejì yẹn. Ó ké láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí ó tó dákẹ́, a kò sì rí i yọ. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé àdúgbò, wọ́n kó ìdọ̀tí dí kànga náà: bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, táyà, pálapàla. Wọ́n da amọ̀ pupa lé e, lẹ́yìn náà ni ààtàn bo gbogbo rẹ̀. Ìdọ̀tí kì í dúró lójú kan. Ó máa ń jẹrà, ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òjò kan sì rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti rí i pé omi dágún sí gbogbo páàkì, àfi igun yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mu omi. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ to ìkòkò méje sí, tí wọ́n sì fẹ́ kó àwọn ọmọ yí ká.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ bá akọ̀wé. Ó ti kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kejì. Mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú téèpù mi: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú, mẹ́fà lóòró.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Kànga kan wà níbi tí ẹ kan èèkàn sí yìí."

"Kànga àtijọ́ yẹn? Mo gbọ́ nípa rẹ̀. Abẹ́ dóńgóyárò lọ́hùn-ún ló wà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Alángúà fúnra rẹ̀. Ọmọ bíbí ibí ni o. Èmi àti ìwọ, àlejò ni wá." Ó rẹ́rìn-ín. "Madam télọ̀, àbí o ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, o ti di ẹnjiníà?"

"Mo pọnmi níbẹ̀, sà."

"O wà ní ìpàdé àná?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ṣe àmín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù mi.

"Ó tán," ni ó wí. "Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé la máa po sìmẹ́ńtì."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ Alángúà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dé òpin, tẹ̀súbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ kí n pe Lèmọ́mù kí n sọ fún un pé a ti tú Fátíhà ká?"

"Rárá o, Bàbá."

"Kànga yẹn, abẹ́ igi ló wà. Mo ti ń jókòó lábẹ́ dóńgóyárò yẹn láti kékeré, mo ń wo àwọn obìnrin tó ń fa omi. Ṣé mo lè gbàgbé ni?"

Mo dúpẹ́, mo dìde. Mo pe ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ó ní tí Alángúà bá ti sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé ìyàwó òun ló ń tú àdúgbò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní lọ́wọ́ tí mo rò pé kò lè parọ́. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, garawa omi wúwo fún mi, mo sì máa ń ka ìṣísẹ̀ mi láti kànga dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kí n má baà sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Méjìlélógójì ni. Kì í dín, kì í lé. Nítorí náà ní Wẹ́sìdè, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn, mo kọjú sí páàkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kọjá èèkàn wọn ní ọgbọ̀n ó lé díẹ̀. Nígbà tí mo ka méjìlélógójì, mo gbójú sókè. Òjìji dóńgóyárò wà lórí mi.

Mo padà, mo tún un kà. Abẹ́ igi náà ni.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Alángúà ló jàre, kànga wà níbi tó ní ó wà, ọmọ mi lè lọ tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹun. Ojú mi ń sọ ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi ń sọ òmíràn, òjò tó rọ̀ sì ń ti ojú mi lẹ́yìn. Mo gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, lẹ́ẹ̀mejì ni mo máa ń wọn nǹkan kí n tó gé e.

Ní Tọ́sìdè, mo sọ fún ọmọ mi pé kò ní lọ.

"Gbogbo wọn ló ń lọ, Màámi."

"Mo gbọ́."

"Gbogbo wọn ló máa ní ọwọ́ lára rẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò ní ní ọwọ́."

Kò sunkún. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kọ̀ láti jẹ ẹ̀wà tó fẹ́ràn. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mò ń ro ó bóyá ìbẹ̀rù lásán ni mo fi ń jẹ ọmọ níyà.

Ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn tí àwọn olùkírun ti ká ẹní wọn, mo tún jáde lọ kà. Ìgbà kẹfà nìyẹn. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga rọ́bà ní ẹ̀yìnkùlé, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún wà lórí àpótí.

"Ìyàwó, kí lò ń wá nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta?"

Mo sọ fún un. Òun náà wà ní ìpàdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "lẹ́yìn bẹ́ǹṣì kejì" kò yé e nígbà náà, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí ó dé ibi tí bẹ́ǹṣì wà rí. Ó fi ojú wọ̀n mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Nígbà tí o ń ka ìṣísẹ̀ nígbà náà, kí ló wà lórí rẹ?"

"Garawa omi, Ìyá."

"Kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Mo fi ọwọ́ kan orí mi.

"Ẹni tó ru omi kì í gbẹ́sẹ̀ gbọọrọ," ni ó wí. "Lọ bu omi."

Mo bu garawa kún dé ẹnu. Mo ká òṣùká sórí, mo gbé e rù, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ara mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé: ẹsẹ̀ ń kúrú fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ń le, ọrùn ò yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo kà. Ní ìṣísẹ̀ kejìlélógójì, mo dúró. N kò lè wo ilẹ̀ nítorí omi. Mo fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀, ó kan èèkàn. Àárín èèkàn mẹ́rin ni mo wà. Mo sọ omi kalẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìdí dóńgóyárò, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí mo padà sọ fún un, ìyá ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí. "Èmi náà ṣe àmín," ni ó wí. "Lọ́la, gbé àga mi lọ síbẹ̀."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ Sátidé, wọ́n ti po sìmẹ́ńtì. Àwọn ọmọ tó tó ogún wà níbẹ̀, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè. Tèmi wà láàárín wọn. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú yọ nígbà tí mò ń bu omi. Mo rí i láti ẹ̀yìnkùlé, tó dúró sétí pátákó tí wọ́n fi ṣe àyíká ìpìlẹ̀. Bí mo bá sáré, omi á dànù. Bí omi bá dànù, kò sí ẹ̀rí. Mo gbé garawa rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mò ń kà á sókè.

Akọ̀wé rí mi. "Ẹ wò ó! Madam télọ̀, sìmẹ́ńtì wa ti ní omi tirẹ̀ o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò dákẹ́. Nígbà tí mo dé ogún, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kà á bí ẹni tó wà ní kíláàsì: mọ́kànlélógún, méjìlélógún. Ohùn ọmọ mi ni mò ń gbọ́ jù. Ní méjìlélógójì, ẹsẹ̀ mi kọlu pátákó.

"Ibí ni kànga wà," ni mo wí.

"Ìṣísẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo," ni akọ̀wé dá mi lóhùn. "Ó lè gé e kúrú bó bá ṣe wù ú."

Nígbà náà ni ìyàwó ilé mìíràn ládùúgbò, obìnrin kan tó ń ta gààrí, tó wá wo àwọn ọmọ, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Tèmi jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Èmi náà máa ń kà á." Ó yíjú sí mi. "Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ ni."

Apá òdìkejì páàkì ni ilé rẹ̀ wà. Ó lọ, ó ru omi, ó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń kà á lábẹ́ ètè, ètè rẹ̀ nìkan là ń wò. Nígbà tí ó dúró, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí omi orí rẹ̀ fi dà sí mi léjìká.

Alángúà ti dé nígbà náà. Ìyá ọkọ mi, tó dàgbà jù ú lọ, gbójú sókè wò ó láti orí àga rẹ̀ tí mo ti gbé síbẹ̀ láàárọ̀.

"Àbúrò mi, ọjọ́ wo lo pọnmi rí?"

"N kò pọnmi rí, Ẹ̀gbọ́n."

"Abẹ́ òjìji lo máa ń jókòó sí. Ibi tí ìjókòó rẹ wà lo rántí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó mú ọ̀pá irin kan, ó gún ilẹ̀ àárín pátákó. Irin wọlé ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó kọlu nǹkan líle, ó dúró.

"Ẹ rí i?" ni akọ̀wé wí.

Ọmọkùnrin náà fa irin yọ, ó sún sí òsì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó tún gún un. Ó dúró níbẹ̀ náà. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Lójijì, irin náà lọ. Kò dún rárá, ó kàn lọ sílẹ̀ títí ìkúùkù ọmọkùnrin náà fi kan ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e. Ó fà á yọ. Òórùn ìdọ̀tí àtijọ́ tẹ̀lé e jáde. Mo sọ garawa sílẹ̀, mo di aṣọ ọmọ mi mú lẹ́yìn, mo fà á títí a fi dé ìdí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kó àwọn ọmọ sẹ́yìn," ni Alángúà wí. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì, tó ń tì wọ́n sẹ́yìn bí tíṣà tó jẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Alángúà pè mí síwájú.

"Ìyàwó wa, o ṣe àmín lọ́jọ́ yẹn, àbí o ò ṣe é?"

"Mo ṣe é, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ kí á tó la ọwọ́?"

"Mo ti la ọwọ́ kí n tó ronú, Bàbá."

Ó wo ihò kékeré tí irin dá sílẹ̀. "Àwa náà," ni ó wí. "A ò ní tú Fátíhà ká. Ìkòkò la ṣe é lé lórí, a ò ṣe é lé ihò. A máa ṣe òmíràn lórí ibi tó máa jókòó sí, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Wọ́n tú kànga náà, wọ́n kó òkúta dí i dé ẹnu. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún wọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè tó gbé wá sì yàtọ̀: "Ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà yín dé kànga?" Ó kọ iye tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan sọ yí ọrùn ìkòkò ìsàlẹ̀ ká. Ìdí dóńgóyárò ló jókòó sí báyìí. Mo ti fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra mi níbi mọ́kànlá kí n tó gbà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ ọwọ́, mo dúró ti ọmọ mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀, ó máa wọ́!"

Mi ò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ogún ọmọ ló wà lára ìkòkò yẹn, gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Tirẹ̀ nìkan ló wọ́ sápá ọ̀tún, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ. Ó máa ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń sọ fún wọn pé ìyá òun ló bà á jẹ́.